Owó Tuntun Ọjọ́ Ọdún: Ṣé Ó Yẹ Kí Mùsùlùmí Máa Fi Owó Ra Owó?

Bí ọdún Iléyá tàbí ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ọjà kan máa ń gbóná ládùúgbò wa tí kì í ṣe ọjà àgbò. Láti Mowe dé Ibafo lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, títí dé Ifọ lọ́nà Abẹ́òkúta, àwọn bàbá àti ìyá a máa wá ẹni tí yóò bá wọn pààrọ̀ owó sí tuntun, kí wọ́n lè rí èyí tí wọn yóò fún àwọn ọmọdé ní owó ọdún. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí bí a bá fẹ́ ṣe nikáà, wòlímọ̀ tàbí ìsọmọlórúkọ. Ẹni tí ó ń ta owó tuntun kì í gba ₦10,000 kí ó sì fún ni ní ₦10,000. Yóò yọ tirẹ̀ níbẹ̀. Bí ọdún bá sì ṣe ń súnmọ́ tó ni èyí tí ó ń yọ ń pọ̀ tó.

Ìbéèrè wa ni pé, ṣé ó yẹ kí Mùsùlùmí san owó yìí? Èsì tiwa kò ní àbùlà: kò yẹ. Kò yẹ nínú ẹ̀sìn, kò yẹ nínú òfin ìlú, kò sì yẹ nínú ìṣirò ẹni tí ó mọ bí òun ṣe làágùn kí owó tó wọlé. A kò sọ ọ́ bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Àwa náà ti ṣe é rí, a sì ti tọrọ àforíjì.

Ẹ jẹ́ kí a ti inú ẹ̀sìn bẹ̀rẹ̀. Nínú hadiisi tí Bukhari àti Muslim gbà wá, Bilal gbé dàbínù dáadáa kan wá fún Òjíṣẹ́ Ńlá (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Òjíṣẹ́ bi í léèrè ibi tí ó ti rí i. Ó ní dàbínù tí kò dára ni ó wà lọ́wọ́ òun, òun wá fi òṣùwọ̀n méjì rẹ̀ gba òṣùwọ̀n kan èyí tí ó dára, kí Òjíṣẹ́ lè rí jẹ. Ẹ wo èrò rere tí Bilal ní! Síbẹ̀ Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kígbe pé èlé gan-an nìyẹn, kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó wá fi ọ̀nà hàn án: kí ó ta èyí tí kò dára, kí ó sì fi owó rẹ̀ ra èyí tí ó dára.

Ẹnì kan lè ní dàbínù kọ́ ni náírà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àpérò àwọn onímọ̀ òfin Ìsìláàmù tí ó wà lábẹ́ àjọ OIC ti pinnu ní ìlú Amman lọ́dún 1986 pé owó bébà jẹ́ owó gidi, àti pé òfin èlé àti òfin sàká tí ó de wúrà àti fàdákà de òun náà. Bí ó bá jẹ́ náírà ni a fi ń gba náírà, iye kan náà ni, lọ́wọ́ kan náà. Ohunkóhun tí ó bá lé, èlé ni. Ẹ tún wò ó síwájú sí i: dàbínù tí kò dára kò dùn lẹ́nu bí èyí tí ó dára, ìyàtọ̀ wà lára wọn ní tòótọ́. Ìyàtọ̀ wo ni ó wà nínú ₦500 tí ó ti rún àti ₦500 tí ó ń dán? Iye kan náà ni oníṣu yóò gbà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Bí a kò bá gba Bilal láyè lórí ohun tí ó yàtọ̀, báwo ni a ó ṣe gba ara wa láyè lórí ohun tí kò yàtọ̀?

Òfin ìlú náà kò dákẹ́. Abala 21 nínú òfin Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2007 ka títa owó náírà àti níná an lójú agbo sí ẹ̀ṣẹ̀. Ìjìyà rẹ̀ ni ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù 6, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ l'Ékòó rán gbajúmọ̀ kan lọ sẹ́wọ̀n oṣù 6 nítorí pé ó ná owó lóde àríyá. Nígbà tí ó di oṣù Kejìlá ọdún náà, Báńkì Àpapọ̀ kéde pé ẹ̀ka báńkì tí owó tuntun bá ti ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí ń tà á yóò san ₦150 mílíọ̀nù.

Àwọn ọ̀dọ́ wa máa ń bi wá pé, ṣebí àwọn oní-POS náà ń gba owó lórí owó? Ìbéèrè gidi ni. Ohun tí a rí níbẹ̀ nìyí: owó tí ó wà ní báńkì ni oní-POS ń bá wa mú jáde. Ó ra ẹ̀rọ, ó gba ṣọ́ọ̀bù, báńkì ń yọ tirẹ̀ lára rẹ̀, òun sì gbà wá lọ́wọ́ ọkọ̀ àti ìlà gígùn. Owó iṣẹ́ ni ó ń gbà, iṣẹ́ náà sì hàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí náírà wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, tí àwọn kan ń gba ₦200 sí ₦300 lórí ₦1,000, ìyẹn ti kúrò ní owó iṣẹ́. Ìpọ́njú ọmọlàkejì ni wọ́n ń tà. Ẹni tí ó bá ń ṣe POS láàárín wa, kí ó bẹ̀rù Ọlọ́hun, kí ó gba iye tí iṣẹ́ rẹ̀ tó. Ní ti olówó tuntun, dídán owó ni ó ń tà, dídán kì í sì í ṣe iṣẹ́.

Àwọn ènìyàn wa ní Amẹ́ríkà ní irú tiwọn, èyí tí wọ́n ń pè ní káàdì ẹ̀bùn. Ẹni tí ó fẹ́ fún ènìyàn ní dọ́là 50 yóò ra káàdì tí dọ́là 50 wà nínú rẹ̀, ó sì lè san dọ́là mélòó kan lé e nítorí káàdì náà. Ìjọba wọn tilẹ̀ ní láti ṣe òfin lọ́dún 2009 pé owó inú káàdì kò gbọdọ̀ kú kí ọdún 5 tó pé, àti pé wọn kò gbọdọ̀ máa gé e nítorí pé a kò ná an, àyàfi bí oṣù 12 bá ti kọjá. A kò sọ pé ọ̀kan náà ni òun àti owó tuntun, nítorí ẹni tí ó ta káàdì ṣe ohun kan. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá fi irú káàdì bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Ifọ, alátà kò ní gbà á. Ìyá yóò wá ẹni tí yóò rà á, onítọ̀hún yóò sì yọ tirẹ̀. Ọmọ pàdánù níbi tí ó ti rà á, ìyá pàdánù níbi tí ó ti tà á. Kí ni kò jẹ́ kí ó fi owó náà ránṣẹ́ sí àkáǹtì ìyá rẹ̀?

Ká ní bàbá kan kó ₦20,000 lọ, tí ó gba ₦17,000 tuntun bọ̀. ₦3,000 ti lọ. Bí ó bá ń fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ₦500, owó ọdún ọmọ mẹ́fà ni ó gbé fún olówó tuntun yẹn. Bóyá ọmọ òrukàn wà nínú mẹ́fà ọ̀hún.

Wọ́n á ní inú ọmọ kì í dùn sí owó gbígbó. Ta ni ó kọ́ ọmọ bẹ́ẹ̀? Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ọmọ tí ó dàgbà sínú pé dídán ni iyì owó, òun ni yóò yáwó ṣe ìyàwó lọ́la. Ẹ jẹ́ kí a ṣe bí Òjíṣẹ́ ṣe fi han Bilal: ẹ fi owó tí ó wà lọ́wọ́ ra nǹkan. Ẹ ra bàtà, ìwé, fìlà tàbí híjáàbù fún ọmọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ fún un ní owó, kí ó fi sínú àpò ìwé tí ó mọ́. Bí báńkì bá sì fún ni ní owó tuntun ní iye kan náà, àlùbáríkà ni.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọ̀dọ̀ yín ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pinnu pé kò ní sí tábìlì olówó tuntun níbi nikáà àti wòlímọ̀ wa mọ́. A kò lè fi Àlùkùránì ṣí ètò tán, kí èlé máa ṣòwò lẹ́nu ọ̀nà.

Kí Ọlọ́hun fi halálì rẹ̀ tó wa, kí ó má jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa ba ẹ̀bùn wa jẹ́. Àmín.