Pápá Ìṣeré fún Gbogbo Ará Ìlú

Àwọn àgbà a máa wí pé ìlera ni oògùn ọrọ̀. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ìlera kì í ṣàdédé wọ ara ènìyàn. Ara tí kì í rìn, tí kì í sáré, kì í pẹ́ di ara òkùnrùn. Nítorí èyí ni àwọn Yorùbá àtijọ́ ṣe ń fi àyè sílẹ̀ láàárín agbo ilé. Níbẹ̀ ni àwọn ọmọdé ti ń ṣe bojúbojú ní alẹ́ òṣùpá. Níbẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ti ń jìjàkadì. Abẹ́ igi ibẹ̀ sì ni àwọn àgbà ti ń ta ayò.

Lónìí, ilé ti gba ilẹ̀ tán ní ọ̀pọ̀ ìlú ńlá. Ọmọ tí ó bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù a gbé òkúta méjì sí ojú títì, a fi wọ́n ṣe òpó. Bí ọkọ̀ bá fọn fèrè, gbogbo wọn a sá kúrò lọ́nà. Ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wọn kò bá tètè gbọ́ fèrè, ẹkún ni yóò gbẹ̀yìn eré náà. Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ fàájì lásán ni ọ̀rọ̀ pápá ìṣeré, kí ó rántí èyí.

Bí ìlú kan bá ń gbèrò pápá ìṣeré tuntun, ọjọ́ wo ni ó yẹ kí àwọn aláṣẹ fi sọ́kàn? Ọ̀pọ̀ wọn ni ó ń ro ọjọ́ ìṣílé, tí ìlù yóò máa dún, tí àwọn àlejò pàtàkì yóò jókòó lórí àga ọlá. Ṣùgbọ́n ọjọ́ lásán ni ó pọ̀ jù nínú ọdún, ọjọ́ lásán ni ó sì yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ rò. Ìlú Ìbàdàn lè kọ́ ènìyàn ní ẹ̀kọ́ yìí.

Ní ọdún 1960, ọdún tí Nàìjíríà gba òmìnira, ni wọ́n ṣí pápá ńlá kan ní Ìbàdàn, èyí tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kọ́, tí wọ́n sì sọ ní Liberty Stadium. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1963, Dick Tiger, ọmọ Nàìjíríà, pàdé Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà níbẹ̀ nínú ìjà ẹ̀ṣẹ́, ó sì borí rẹ̀ lẹ́yìn abala keje. Orúkọ Ìbàdàn kàn káàkiri ayé. Ní ọdún 1999, àwọn ọ̀dọ́ láti ilẹ̀ òkèèrè gbá bọ́ọ̀lù ìdíje àgbáyé níbẹ̀. Ní ọdún 2010, wọ́n fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sọ ọ́. Ohun ìyìn ni gbogbo èyí. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ni pápá kan náà fi wà láìsí ìtọ́jú tí ó yẹ. Okìkí kì í gé koríko, orúkọ rere kì í sì í tún òrùlé tí ń jò ṣe.

Ẹ̀kọ́ kejì wà ní Agodi. Ní ọdún 1967 ni wọ́n dá ọgbà ẹranko àti ewéko sílẹ̀ níbẹ̀ fún ìgbádùn ará ìlú. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya. Omíyalé náà pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìlú, ó sì ba ọgbà náà jẹ́. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: àgbàrá kò ní òun kò níí wólé, onílé ni kò níí gbà fún un. Ilẹ̀ ẹ̀bá odò lè dára fún pápá koríko, nítorí koríko a tún gbérí lẹ́yìn tí omi bá fà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kọ́ ilé sí ọ̀nà omi ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pe àdánù.

Àwọn ohun kéékèèké tún wà tí ọlọgbọ́n kì í fojú fò. Ó dára kí ilé bọ́ọ̀lù kan wà ní ìhà àríwá, kí èkejì wà ní ìhà gúúsù, kí oòrùn ìrọ̀lẹ́ má baà máa wọ aṣọ́lé lójú. Ó yẹ kí ọ̀nà tí àwọn àgbà yóò máa fẹsẹ̀ rìn wà, àti igi tí yóò ṣíji bò wọ́n. Ó yẹ kí àyè wà fún àwọn ọmọbìnrin bí ó ti wà fún àwọn ọmọkùnrin. Bí kò bá sí omi ẹ̀rọ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ta ni yóò mú ìyá àti ọmọ wẹ́wẹ́ lọ síbẹ̀? Ó sì yẹ kí wọ́n bi àwọn ará àdúgbò léèrè, nítorí ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.

Àwọn kan yóò wí pé pápá kéékèèké kò lè mú owó tàbí òkìkí wá. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n níbo ni àwọn tí ń gbá bọ́ọ̀lù ní pápá ńlá ti kọ́ ọ? Lórí ilẹ̀ eléruku ni ọ̀pọ̀ wọn ti bẹ̀rẹ̀. Pápá ńlá ni ọjà, pápá àdúgbò ni oko. Bí oko bá kú, kí ni ènìyàn yóò gbé lọ sí ọjà?

Nítorí náà, kí ìlú tí ó bá fẹ́ kọ́ pápá ìṣeré ya owó ìtọ́jú rẹ̀ sọ́tọ̀ kí wọ́n tó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀. Kí wọ́n yan àwọn tí yóò máa mójú tó o, kí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ fún ọmọ tálákà bí ó ti ṣí sílẹ̀ fún ọmọ olówó. Ojúṣe ti àwọn ọ̀dọ́ ni kí wọ́n má ba ohun tí a ṣe fún wọn jẹ́. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọmọ tí kò rí àyè ṣeré yóò ṣe máa wo pápá ńlá bí ohun àjèjì. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ti sáré lórí koríko kan láti kékeré kò níí gbà kí ẹnikẹ́ni ta á nígbà tí ó bá dàgbà.