Ọjọ́ Ìbẹ̀wò àti Èdè Ìyá

Lọ́dọọdún, nígbà tí sáà ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní bá ti wọlé ní oṣù kẹsàn-án, tí iṣu titun sì ti kún ọjà, àwọn òbí a máa lọ bẹ ọmọ wọn wò ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé ní Èjìgbò àti agbègbè rẹ̀. Wọn a gbé gàrí, ṣúgà, ẹja díndín àti ọṣẹ lọ. Èyí dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí a sọ.

Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ilẹ̀ wa, ọmọ tí ó bá sọ Yorùbá nínú ọgbà yóò jìyà, tàbí kí ó san owó ìtanràn. Nígbà tí ìyá bá wá kí i ní ọjọ́ ìbẹ̀wò, ọmọ a wo ọ̀tún, a wo òsì, a sì fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ dáhùn. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ tí ń kọ́ ọmọ ní òfin karùn-ún tún kọ́ ọ láti tijú ìyá tí ó bí i?

Ọ̀ràn yìí kan Èjìgbò gbọ̀ngbọ̀n. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ Èjìgbò ti ń ṣòwò ní Abidjan àti káàkiri ilẹ̀ Côte d'Ivoire, ọ̀pọ̀ nínú wọn a sì máa rán ọmọ wá kàwé nílé, kí ó lè mọ ìran rẹ̀. Ọmọ gbọ́ Faransé dé, ó sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n Yorùbá nìkan ni ìyá àgbà tí ó wá bẹ̀ ẹ́ wò gbọ́. Bí a bá ka Yorùbá léèwọ̀ fún un, kí ni ó padà wá ṣe?

Àwọn kan yóò wí pé Yorùbá a máa ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ jẹ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Modákẹ́kẹ́ fún ọdún 6. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan tí wọ́n ń kọ́ lọ́tọ̀. Nígbà tí a dán wọn wò, wọn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá.

Nítorí náà, a bẹ ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kí ẹ mú òfin náà kúrò. Ẹ jẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ ìbẹ̀wò. Ẹ̀yin òbí, ẹ ki ọmọ yín ní oríkì ní gbangba, kí ẹ sì ròyìn oko àti ẹbí fún un. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ tí a bá gba èdè lẹ́nu rẹ̀, ìhòòhò ni a rán an síta.