Ẹ Má Ṣe Pè É Ní Eré Lásán

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti sú mi í gbọ́ lẹ́nu àwọn tí ń pe ara wọn ní olùtọ́jú àṣà. Wọ́n ní ọmọ tí ó bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, tí ó ń wá ọgbọ́n tí yóò fi rí eré ọdún 1989 ṣe lórí ẹ̀rọ tí a rà lánàá, ọ̀lẹ ni. Àkókò ni ó ń fi ṣòfò. Ibido, ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, ni mo wà tí mo ń kọ̀wé yìí, n ó sì wí i kí wọ́n gbọ́ ọ títí dé Ṣágámù: irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ tí àwọn olùtọ́jú àṣà wọ̀nyí kò tíì mọ̀ pé ó yẹ ní ṣíṣe.

Ẹ jẹ́ kí a fi ayò ọlọ́pọ́n ṣe àpẹẹrẹ. Ojú ọpọ́n jẹ́ 12, ọmọ ayò jẹ́ 48. Bí ikán bá jẹ ọpọ́n, a ó gbẹ́ ihò 12 sílẹ̀, ayò ń lọ. Bí ọmọ ayò bá sọnù, òkúta wẹ́wẹ́ yóò rọ́pò rẹ̀. Kí ló fà á? Orí ọ̀ta àti ọ̀pè ni òfin ayò wà, kò sí nínú igi. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ẹni tí ó mọ ayò ta bá kú tán, tí a wá gbé ọpọ́n dáradára kan sínú gíláàsì ní ilé ìkó-nǹkan-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ayò ni a tọ́jú, àbí igi gbígbẹ́?

Eré orí kọ̀ǹpútà kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin rẹ̀ kò sí lórí ẹnikẹ́ni. Inú ẹ̀rọ ni ó wà, ó sì so mọ́ ètò tí ń darí ẹ̀rọ náà bí ọmọ inú ti so mọ́ ìwọ́. Eré tí a kọ fún DOS kò lè dá dìde lórí Windows 11 tí ó jáde ní 2021, nítorí pé Windows náà ti dí ọ̀nà tí irú ètò àtijọ́ bẹ́ẹ̀ ń gbà wọlé. Bí a tilẹ̀ ṣí ọ̀nà fún òmíràn, yóò máa sáré àsápajúdé, nítorí ìyára ẹ̀rọ ìgbà náà ni wọ́n fi díwọ̀n ìrìn rẹ̀; ẹ̀rọ òní wá dà bí onílù tí ń lùlù kíkankíkan fún arúgbó tí ń jó. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi gbé DOSBox jáde ní 2002. Kò fọwọ́ kan eré náà rárá. Ńṣe ni ó ń sín ẹ̀rọ àtijọ́ jẹ, ọpọlọ rẹ̀, ojú rẹ̀, ohùn rẹ̀, títí eré náà yóò fi rò pé ilé bàbá òun ni òun wà. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2015, Internet Archive ní Amẹ́ríkà gba ọ̀nà yìí gbé nǹkan bí 2,400 eré síta kí gbogbo ayé lè ṣe wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́. Bí èyí bá jẹ́ iṣẹ́ ọ̀lẹ, n kò mọ èyí tí à ń pè ní iṣẹ́ akínkanjú.

Ẹnìkan lè ní kí oníṣẹ́ tọ́jú iṣẹ́ ara rẹ̀. Jordan Mechner ló ṣe Prince of Persia, eré tí ó jáde ní 1989. Ojúlówó àkọsílẹ̀ tí ó fi ṣe é sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àfi ìgbà tí bàbá rẹ̀ rí àwọn dískẹ́ẹ̀tì náà nínú páálí kan. Àwọn tí ó fẹ́ràn ẹ̀rọ àtijọ́ ni ó bá a ka ohun tí ó wà nínú wọn ní 2012. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ó bí eré, báwo ni yóò ti rí fún eré tí kò ní bàbá tí ń wá a?

Àwọn mìíràn ní olè ni. N kò gbè sẹ́yìn ẹni tí ń ṣe àdàkọ ohun tí ó ṣì wà lọ́jà; ebi ni ó ń fi pa oníṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí Video Game History Foundation àti Software Preservation Network gbé jáde ní 2023 fi hàn pé nínú 100 eré àtijọ́ tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ṣáájú 2010, 87 ni kò sí lọ́jà mọ́. Síbẹ̀, nígbà tí a bẹ̀bẹ̀ pé kí ilé-ìkàwé lè jẹ́ kí àwọn olùwádìí ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ láti ilé wọn, àwọn ilé-iṣẹ́ eléré tako ẹ̀bẹ̀ náà, ọ́fíìsì ìjọba Amẹ́ríkà tí ń rí sí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ sì kọ̀ ọ́ ní oṣù Ọ̀wàrà 2024. Kí ni à ń pe ọlọ́jà tí kò tajà, tí kò fi tọrẹ, tí kò sì gbà kí ẹlòmíràn bá òun lé ikán kúrò lára rẹ̀?

Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyí. Ní 2012 ni Maliyo Games bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, tí wọ́n ń fi ẹ̀fọn àti ọ̀kadà wa ṣe eré. Flash ni ẹṣin tí ọ̀pọ̀ eré orí íntánẹ́ẹ̀tì gùn ní ìgbà náà. Adobe pa ẹṣin yìí tì ní òpin 2020. Ta ni nínú wa tí ó bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí eré tiwa yóò wà ní 2050?

Ọ̀rọ̀ náà sì ju eré lọ. Mo ti rí fáìlì ìwé Yorùbá tí a fi fọ́ǹtì àkànṣe tẹ̀ ní àwọn ọdún 1990, nígbà tí Unicode kò tíì wọ́pọ̀ láàárín wa. Àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ jókòó sí ipò àwọn àmì òyìnbó. Fọ́ǹtì náà kò sí lórí ẹ̀rọ òní; ibi tí ó yẹ kí a rí ẹ àti ọ, wúruwùru ni ó kún ibẹ̀. Ìwé wà, kò ṣeé kà. Kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀ sí eré tí ó wà tí kò ṣeé ṣe? Àìsàn kan náà ni, ẹni tí ó sì mọ bí a ti ń jí ẹ̀rọ àtijọ́ dìde nínú tuntun ni ó ní oògùn rẹ̀. Ọmọ tí ẹ ń pè ní ọ̀lẹ ti kọ́ oògùn náà nídìí eré.

Nítorí náà, mo ké sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó wà ní Rẹ́mọ, Babcock ní Ìlíṣàn àti ẹ̀ka Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ ní Ṣágámù: ẹ ya yàrá kan sọ́tọ̀, ẹ gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ méjì àti ẹ̀rọ tí ń ka dískẹ́ẹ̀tì síbẹ̀, kí ẹ sì fi àwọn ọmọ wọ̀nyí ṣe olùkọ́ níbẹ̀. Láti 1970 ni òfin National Library ti pàṣẹ kí àwọn òǹtẹ̀wé máa fi ẹ̀dà ìwé wọn ránṣẹ́ fún ìtọ́jú. Kí àwọn tí ń ṣe eré kọ̀ǹpútà nílẹ̀ wa máa ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, kí wọ́n sì fi àlàyé bí a ti ń mú un ṣiṣẹ́ tì í. Kí a sì tètè ṣe é. Dískẹ́ẹ̀tì kì í dúró de ìpàdé ìgbìmọ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún ni ohun tí a kọ sára rẹ̀ ń parẹ́.