Ẹ Má Fi "Kì í Ṣe Ìpín Rẹ" Dí Wa Lẹ́nu Mọ́

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè bí àwọn kan nínú, pàápàá àwọn Pàpá àti Màmá fẹ́lóṣíìpù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bínú. Kristẹni ni mí, ẹgbẹ́ akọrin ni mo wà, mo ń gbààwẹ̀, mo sì ń san ìdámẹ́wàá nígbà tí owó bá wà. Inú ilé ni mo ti ń sọ̀rọ̀, n kò dúró síta sọ òkò.

Bí ẹnì kan bá dìde nínú ìpàdé wa tó ní òun kò rí oorun sùn láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pé oúnjẹ kò lọ lẹ́nu òun, ìwé kò wọ òun lórí, ayé sì ti sú òun, kí la máa ń sọ? "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Kì í ṣe ìpín rẹ! Má fi ẹnu rẹ sọ bẹ́ẹ̀ mọ́!" Gbogbo ilé á ṣe àmín, ẹni náà á sì jókòó. Lọ́sẹ̀ kejì, bí a bá bi í pé báwo ni nǹkan, á rẹ́rìn-ín, á ní, "A dúpẹ́, Ọlọ́run ń ṣe é." Irọ́ ni. A mọ̀ pé irọ́ ni. Ìpàdé wa ló kọ́ ọ ní irọ́ náà.

Ohun tí mo ń bá jà nìyẹn. N kò bá àdúrà jà. Mò ń sọ pé ìgbàgbọ́ tí kò fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti wó lulẹ̀ láyè láti sọ pé ó ti wó lulẹ̀, a kò bá a nínú Bíbélì tí a gbé dání.

Ẹ ṣí Ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí 19. Èlíjà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí òkè Kámẹ́lì dé, níbi tí iná ti sọ̀ kalẹ̀ lójú gbogbo Ísírẹ́lì, tí ojú ti 450 wòlíì Báálì. Bí ẹ bá ń wá ẹni tó wà nínú ẹ̀mí, òun nìyẹn. Jésíbẹ́lì ránṣẹ́ ikú sí i, ó sì sá. Ó fi ìránṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Bíáṣébà, ó rin ìrìn ọjọ́ kan wọ aginjù, ó jókòó sábẹ́ igi kan, ó sì ní kí Ọlọ́run kúkú gba ẹ̀mí òun. Wòlíì ni o! Kí ni Ọlọ́run ṣe? Kò bá a wí. Kò ní kó wọ àwẹ̀. Ó jẹ́ kó sùn. Áńgẹ́lì fọwọ́ kàn án, ó gbé àkàrà tí wọ́n yan lórí ẹ̀yinná fún un, pẹ̀lú omi. Ó jẹ, ó mu, ó tún sùn. Áńgẹ́lì tún jí i lẹ́ẹ̀kejì, ó tún jẹ. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, nígbà tó rìn dé Hórébù, ni Ọlọ́run tó bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ro ẹjọ́ kan náà, Ọlọ́run sì gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ọlọ́run wá sọ fún un pé ẹgbẹ̀rún méje ṣì kù ní Ísírẹ́lì, ó sì fún un ní Èlíṣà. Oorun, oúnjẹ, etí tó gbọ́ ọ, ẹni tí yóò bá a rìn.

Ká ní kámpọ́ọ̀sì wa ni Èlíjà wà, wọn ì bá ti gba ipò olórí ẹ̀ka àdúrà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Sáàmù 88 ńkọ́? Ìkérora ni láti òkè délẹ̀, òkùnkùn ló sì fi parí. Àwọn ọmọ Kórà ló ni ín, akọrin bíi tiwa. Láti ìgbà tí mo ti wọlé, n kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni kà á ní ìpàdé wa.

Mo mọ èyí tí ẹ máa fà yọ: ẹsẹ Ìwé Òwe nípa agbára ahọ́n, pé ohun tí èèyàn bá fẹnu ara rẹ̀ pè ló ń wá bá a. Ó dáa. Ní Gẹtisémánì, Jésù sọ fún Pétérù, Jákọ́bù àti Jòhánù pé ìbànújẹ́ ọkàn òun pọ̀ débi ikú. Ṣé ọ̀rọ̀ àìgbàgbọ́ ni? Ohun tó bẹ̀ wọ́n kò pọ̀: kí wọ́n dúró, kí wọ́n bá òun ṣọ́nà. Wọ́n sùn lọ. Àwọn tó sùn yẹn sàn jù wá lọ, wọn kò ṣáà ní kó panu mọ́.

Orin ìsun ẹ̀jẹ̀ tí à ń kọ nígbà Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ William Cowper ló kọ ọ́. Ó wà nínú ìwé orin tí òun àti John Newton gbé jáde lọ́dún 1779. Àìsàn ọkàn bá Cowper fínra, ó gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nígbà tó tún kọ lù ú lọ́dún 1773, ilé Newton, tó jẹ́ àlùfáà, ló lọ gbé, ó sì lé ní ọdún kan kó tó kúrò níbẹ̀. Newton kò rí ẹ̀rí kankan jẹ́ lórí rẹ̀, nítorí àìsàn náà ń padà wá títí Cowper fi kú lọ́dún 1800. Síbẹ̀ orin rẹ̀ ló wà lẹ́nu wa.

Èyí tó dùn mí jù ni ti oògùn. Bí ibà bá mú Pàpá fẹ́lóṣíìpù, ilé ìwòsàn ni wọ́n ń gbé e lọ, kò sẹ́ni tó máa bi í pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ dà. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹnì kan, n kò ní dárúkọ rẹ̀, tí dókítà fún ní oògùn nítorí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, tí àwọn ará ní kó lọ dà á nù kó fi hàn pé òun gba Ọlọ́run gbọ́. Oṣù méjì kò pé tó fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Àwọn tó ní kó dà á nù, ta ló ti pè é nínú wọn? Bẹ́ẹ̀, oníṣègùn ni Lúùkù. Pọ́ọ̀lù tí aṣọ ara rẹ̀ ń wo àwọn èèyàn sàn, nígbà tí inú ń yọ Tímótíù lẹ́nu, wáìnì díẹ̀ ló ní kó máa lò.

Orúkọ Aro ti di èébú lẹ́nu wa. Ibẹ̀ gan-an, ní Abẹ́òkúta, ni Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ ìlú náà, ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan lọ́dún 1954: àwọn aláìsàn ń gbé láàárín àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká, ìbátan wọn wà lọ́dọ̀ wọn, wọ́n ń gba ìtọ́jú, wọ́n sì ń bá àwọn èèyàn ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Àwọn àgbẹ̀ tí kò ka ìwé gba aláìsàn sílé. Ìjọba tí í pẹ́ lórí gbogbo nǹkan pàápàá ti fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ ní oṣù kìíní ọdún 2023, tó fagi lé òfin "Lunacy" ti ọdún 1958. Ó ku àwa ará fẹ́lóṣíìpù.

Ọ̀rọ̀ àṣírí tún wà níbẹ̀. Ẹni tó bá sọ ìṣòro rẹ̀ fún aṣáájú lọ́jọ́ Ẹtì á gbọ́ ọ lọ́jọ́ Àìkú gẹ́gẹ́ bíi kókó àdúrà: "Ẹ jẹ́ ká rántí arábìnrin wa kan tó ń gbé nítòsí gééètì..." Wọn kò dárúkọ, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀? Òfófó tó wọ aṣọ ìjọ ni.

Ìwọ tó ń ka èyí tí o sì ń rò ó láti pa ara rẹ, jọ̀ọ́, má dá wà lálẹ́ yìí. Kan ilẹ̀kùn ẹnì kan, sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, kí ẹ jọ lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá fi "kì í ṣe ìpín rẹ" dá ọ lóhùn, lọ kan ilẹ̀kùn ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn ìdánwò yìí la ó yan aṣáájú tuntun. Ẹni tó bá ń wá ipò, mo máa bi í ní gbangba pé kí ni yóò ṣe bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá sọ fún un pé ayé sú òun. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa, owó tí ẹ fi ránṣẹ́ la fi ra jẹnẹrétọ̀ àti gìtá, a dúpẹ́. Ẹ fi díẹ̀ sọ́tọ̀ fún owó ọkọ̀ àti oògùn ẹni tó bá yẹ ká gbé lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí ẹ sì béèrè ìṣirò rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá tún wá jẹ́rìí níwájú wa, lẹ́yìn tí ẹ bá ti sọ ti iṣẹ́ àti ti físà, ẹ sọ fún wa bí ọdún kẹta yín níbí ṣe rí, kódà bí ọ̀rọ̀ náà kò bá tíì yanjú dòní.