Epo Kíkan Kì Í Ṣe Ẹjọ́ Iléeṣẹ́ Nìkan

Ọ̀rọ̀ epo la tún gbé dé.

Ọ̀pọ̀ òróró inú kẹ́ẹ̀gì tí à ń tà ní Kútọ̀ àti Láfẹ́nwá, epo ọ̀pẹ náà ni. Iná iléeṣẹ́ ló lé òórùn àti kíkan rẹ̀ lọ, iná tó ju 200 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Inú iná yẹn gan-an ni ohun méjì tí kò dáa ti ń yọ: ọ̀kan ń jẹ́ glycidyl esters, ìkejì 3-MCPD. Ní ọdún 2016, àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ nílẹ̀ Yúróòpù sọ pé ti àkọ́kọ́ lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Ìkejì, kíndìnrín ló ń bà jẹ́ lára ẹranko tí wọ́n fi dán an wò. Epo ọ̀pẹ ló sì ń ní wọn jù.

Ṣé ẹjọ́ iléeṣẹ́ nìkan wá ni? Rárá o. Abẹ́ ọ̀pẹ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ ẹyìn tán, tó fara gbọgbẹ́, tí wọ́n wá fi ewé bò ó fún ọjọ́ mélòó kan kó lè tètè já kúrò lára ìdì, epo inú rẹ̀ á ti máa bàjẹ́, á sì kan. Ohun tó bàjẹ́ nínú epo yẹn ni iná ń sọ di glycidyl esters. Bí epo bá sì ṣe kan tó ni wọ́n á ṣe koná mọ́ ọn tó. Ìwé ìlànà tí àjọ Codex gbé jáde ní 2019 kò fi bọ̀ rárá: ẹ tètè ṣe ẹyìn, ẹ má jẹ́ kó gbọgbẹ́, ẹ fi omi fọ epo kó tó dé iná ńlá, ẹ dín iná kù. Ó sì ṣeé ṣe. Láàárín 2010 sí 2015, glycidyl esters inú epo ọ̀pẹ tí wọ́n ń yẹ̀ wò ní Yúróòpù dín kù di ìdajì, nítorí àwọn tó ń ṣe é fúnra wọn tún ọwọ́ wọn ṣe.

Níbi tó ti kàn wá ni owó. Ẹni tó fi ẹyìn tuntun ṣe epo láti Ọ̀dẹ̀dá àti ẹni tó fi ẹyìn rírà ṣe tirẹ̀, iye kan náà ni wọ́n ń gbà lọ́jà. Ta ló máa wá yọ ara rẹ̀ lẹ́nu?

Àwọn kan ń sọ pé epo pupa inú ìkòkò kì í dé iléeṣẹ́. Òótọ́ ni, iná tí wọ́n fi ń ṣe epo pupa kò tó èyí tó ń fa láburú yẹn. Àmọ́ epo kíkan kì í pẹ́ nílẹ̀, ẹnu oníbàárà sì mọ̀ ọ́n. (Ẹ̀yin olóúnjẹ tó ń bulíìṣì epo fún ọbẹ̀ ọ̀fadà títí ilé á fi kún fún èéfín, ta ló ń wọn iná tiyín? Àwọ̀ pupa tó ń ṣe ojú lóore lẹ ń jó dànù yẹn.)

Èrò tiwa ni pé kí owó epo ẹyìn tuntun ga ju ti kíkan lọ. Kí ẹni tó bá ń kó òróró wá láti iléeṣẹ́ mú ìwé àyẹ̀wò dání, ká rí iye glycidyl esters inú rẹ̀. Láti 2018, gbèdéke Yúróòpù ni mílígíráàmù kan nínú kílò epo kan. Ti kíkan epo kì í ṣe àyẹ̀wò olówó ńlá. Ẹ jẹ́ ká lọ bi àwọn olùkọ́ yunifásítì ọ̀gbìn ní Alábàtà bóyá wọ́n á bá wa ṣe é. Kí gbogbo ẹni tó ń ta dúrọ́ọ̀mù ro iye tó lè dá sí i, kó sì mú un wá sípàdé.