Ọjà Ṣí, Ṣọ́ọ̀ṣì Tì: Ta Ló Ṣàlàyé Rẹ̀ fún Wa?

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ 2020, ni àwọn mọ́ṣáláṣí Èkó ṣí padà. Ṣọ́ọ̀ṣì tẹ̀lé e lọ́jọ́ Àìkú. Nígbà náà, Gómìnà Babajide Sanwo-Olu ní kí èrò má ju ìdajì iye tí ilé ìjọsìn kọ̀ọ̀kan lè gbà lọ. Látìgbà tí ìjọba ti fòfin de ìpéjọ tó ju èèyàn 50 lọ lóṣù kẹta 2020 ni awuyewuye ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún Àjíǹde kọjá, Ìtúnu Ààwẹ̀ kọjá, ilé ni kálukú ti gbàdúrà.

Ìbéèrè tó wà lẹ́nu gbogbo èèyàn nígbà náà ni pé: kí ló dé tí ọjà fi ṣí, tí ṣọ́ọ̀ṣì wà ní títì? Bíṣọ́ọ̀bù David Oyedepo náà béèrè rẹ̀ ní gbangba. Ìbéèrè gidi ni o. Ẹni tó bá rí bí èrò ṣe ń fún ara wọn níwájú báńkì lóṣù karùn-ún kò ní bú ẹni tó béèrè.

Àmọ́ lójú tèmi, ìdáhùn wà. Lọ́jà, ẹ ó nájà, ẹ ó ra tòmátì, ẹ ó sì kúrò níbẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ó jókòó ti àwọn èèyàn kan náà fún wákàtí méjì, mẹ́ta, nínú ilé, ẹ ó máa kọrin, ẹ ó máa ké halelúyà. Lóṣù kẹta yẹn kan náà, ẹgbẹ́ akọrin kan ní ìpínlẹ̀ Washington, l'Amẹ́ríkà, péjọ fún wákàtí méjì ààbọ̀ láti fi orin dánra wò. Èèyàn 61 ló wá. Ẹnì kan ti ń ṣàìsàn láàárín wọn. Àwọn oníṣègùn kà á pé èèyàn 52 mìíràn ló kó o, méjì kú. Kì í ṣe pé Ọlọ́run kọ̀ wọ́n. Kòrónà ò kúkú mọ̀yàtọ̀ orin ìyìn àti fújì.

Ibi tí mo ti bá ìjọba wí nìyí: irú àlàyé yìí ò tó létí aráàlú. Wọ́n ní ká ṣí lọ́jọ́ 19 àti 21 oṣù kẹfà. Nígbà tó di ọjọ́ 16, wọ́n ní ká dá a dúró. Òótọ́ ni pé àrùn ń pọ̀ sí i nígbà náà. Ṣùgbọ́n bí a ò bá sọ ìdí òfin fáwọn èèyàn, wọn á fi ọwọ́ ara wọn wá ìdí fún un. Ohun tí ọ̀pọ̀ sì rí ni pé ìjọba kórìíra ìjọ.

Àwọn tí ìyà náà jẹ jù kò tiẹ̀ sí nínú àríyànjiyàn náà. Ìjọ ńlá ní kámẹ́rà àti tẹlifíṣọ̀n. Ìjọ kékeré tó háyà gbọ̀ngàn lókè ṣọ́ọ̀bù ńkọ́? Owó igbá ni wọ́n fi ń san owó ilé. Ìyá àgbà tí fóònù rẹ̀ ò gbé íntánẹ́ẹ̀tì, ta ló bá a ṣe ìsìn?

Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ẹ jẹ́ kí ìsìn kúrú, ká pín in sí méjì, kẹ́ni tó ń wúkọ́ dúró sílé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa wa ọkọ̀ gbé màmá yín lọ lọ́jọ́ Àìkú, ẹ kọ́kọ́ wọlé wò ó: ṣé fèrèsé ṣí?