Ẹ Jẹ́ Kí Èèyàn Bá Yín Yọ̀

Ẹ̀yin ọmọ wa, ìbẹ̀rù ayé ti wọ̀ yín lára jù. Ọmọ rí físà gbà, ìyá rẹ̀ kò gbọ́ títí ó fi balẹ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù. Aboyún bímọ, ẹnu aládùúgbò ni àbúrò bàbá rẹ̀ ti gbọ́ ọ. Ẹnìkan kọ́lé, òun àti aya rẹ̀ nìkan ló gbàdúrà síbẹ̀. Bí a bá bi wọ́n, wọ́n á ní ayé le.

Ayé le lóòótọ́. N kò ní kí ẹ pàtẹ àṣírí yín sójú ọjà, n kò sì ní kí ẹ máa gbé mọ́tò tuntun sórí WhatsApp kí aláìní lè mọ̀ pé òun kò ní. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò jẹ́ ká bá òun yọ̀ rí, ta ni yóò sáré wá lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ ẹ́? Ọjọ́ ẹ̀rín la ti ń ní irú èèyàn bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo bí a ṣe ń sọmọ lórúkọ. Lọ́jọ́ kẹjọ, a ó gbé oyin, iyọ̀, obì, orógbó, ataare àti omi kalẹ̀. Bí a bá ti fi kan ọmọ lẹ́nu tán, àwo iyọ̀ kì í padà sí yàrá; yóò máa lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, títí dé ọ̀dọ̀ ọmọdé tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ìyá àgbà á sọ owó sínú abọ́ omi, á fún ọmọ ní orúkọ tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ náà á fún un ní tirẹ̀. Bí ara ọmọ bá gbóná lóru lẹ́yìn ìgbà náà, ìyá rẹ̀ mọ ilẹ̀kùn tí òun lè kàn.

Ní 2004, olùwádìí kan, Shelly Gable, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde lórí sísọ oríire fún ẹlòmíràn. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn máa kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn lójoojúmọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá sọ oríire wọn fún ẹlòmíràn, inú wọn máa ń dùn kọjá ibi tí oríire náà nìkan lè mú un dé. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tó gbọ́ ọ ni ó kù sí: àwọn tí olólùfẹ́ wọn bá wọn yọ̀ tọkàntọkàn ni àárín wọn gún jù.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti kan ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ mi. Ọmọ sáré wọlé pé èsì JAMB òun ti jáde, ó dára. Ẹ ní ọmọ Lágbájá gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ á rọra ti fóònù bọ àpò. Bí nǹkan bá dojú rú fún un ní yunifásítì lọ́la, kò ní pè yín. Kí ló ṣòro nínú "Jókòó, sọ bó ṣe jẹ́ fún mi"?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ wá èèyàn díẹ̀ tí ẹ fọkàn tán. Oríire tó bá dé lọ́sẹ̀ yìí, bó ti wù kó kéré mọ, ẹ pè wọ́n kí ẹ sọ ọ́. Bí àwọn náà bá sì pè yín, ẹ gbé ohun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀, kí ẹ gbọ́ wọn tán.